Igi Kérésìmesì Mẹ́ta Lójú Títì

Láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé ibi tí òpópónà wa ti pàdé títì ilé-ìwé, igba ìgbésẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá ni. Ẹsẹ̀ tèmi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ Ìbùkún ọmọ mi, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì ni, nítorí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rù jẹ́, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo máa dá rin ọ̀ọ́dúnrún ìgbésẹ̀ ó lé ogójì ní ìlú onílùú, kí òun fúnra rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, kó máa wo aago.

Àwọn tó ṣáájú mi dé òkèèrè ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Wọ́n ní kí n ra ibọ̀sẹ̀ onírun, wọ́n ní omi inú imú mi yóò dì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ fún mi pé títì lè wà tí kò ní etí.

Òde-Ayé ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Títì tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Òkìtìpupa ní kòtò, ó ní eruku, ṣùgbọ́n ó ní etí. Etí títì ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń tò sí lọ sí ilé-ìwé, ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń gbà ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹyìn lórí, ọlọ́kadà tó bá sì fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, èébú ni yóò fi jẹun àárọ̀. Níbi tí mo wà báyìí, koríko iwájú ilé kálukú ló wá pàdé ọ̀dà. Koríko ní olúwa rẹ̀, ọ̀dà sì jẹ́ ti mọ́tò. Ní ìgbà ẹ̀rùn, ọmọ lè fi ẹsẹ̀ tẹ etí koríko díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá dé, katakata ìlú á tì í láti ojú títì sórí koríko náà, á ga tó àyà ọmọdé, á sì le bí òkúta. Orí ọ̀dà nìkan ló kù. Lórí ọ̀dà náà sì ni àwọn ará àdúgbò ń gbé mọ́tò sí mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn mọ́tò náà á ṣì wà níbẹ̀, ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé á wá máa yà fún wọn bọ́ sí àárín títì, níbi tí àwọn mọ́tò tó ti jí ń sáré.

Àǹtí Bọ́lá ló gbà wá sílé. Ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Òkìtìpupa ló ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́jọ, òun ló kọ́ mi ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama. Nígbà tí ó gbọ́ pé mo ń bọ̀ ní ìlú tó wà, ó ní kí n má wulẹ̀ wá ilé, pé yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé òun tí kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Bàbá Ìbùkún ṣì wà ní Òkìtìpupa, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ó ń retí ìwé àṣẹ ìrìnnà tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí mo ń kọ yìí, kò gbọ́ ọ rí. Bó bá kà á, kó forí jì mí. Ẹ̀rù ẹnì kan tó láàárín wa.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fún mi, èmi ni mo sì ń mú Ìbùkún lọ sí ilé-ìwé lọ́wọ́ ara mi. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n yí mi sí iṣẹ́ àárọ̀. Bọ́ọ̀sì mi ń lọ nígbà tí agogo mẹ́fà bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bẹ ọ̀gá mi. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí mi ò bá lè wá láàárọ̀, ẹlòmíràn lè wá. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kò sì lè gbé Ìbùkún, wọ́n ní ilé wa ti sún mọ́ ilé-ìwé jù. Àǹtí Bọ́lá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìró láyà, á wo ẹ̀yìn ọmọ náà títí, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín.

Nítorí náà, mo fún Ìbùkún ní fóònù kékeré kan, mo sì kọ́ ọ ní ohun tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Mo ní tí ó bá ti wọ ọgbà ilé-ìwé, kó fìlàṣì mi lẹ́ẹ̀kan, kó pa á. Agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ló ń jáde. Láti ìgbà yẹn títí fóònù á fi dún lẹ́ẹ̀kan, inú yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí ni mo máa ń wà, màá dúró láàárín àwọn aṣọ funfun náà, màá máa ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo máa ń dúró ṣe níbẹ̀. Mo ní mo ń gbàdúrà. Irọ́ kọ́. Bí fóònù bá ti gbọ̀n lápò mi, n óò tún di ènìyàn, n óò gbé aṣọ, n óò máa bá iṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́gun mi ojoojúmọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsinmi mi. Ní Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ọdún tuntun, yìnyín ti bọ́ mọ́jú. Ìbùkún ní òun ti dàgbà, kí n má tẹ̀ lé òun, àwọn ọmọ kíláàsì òun á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní kọ́nà, mọ́tò akẹ́rù dúdú ńlá kan wà tó jẹ́ ti ọkùnrin tó ni ilé ibẹ̀, mọ́tò náà máa ń sùn síbẹ̀ lálaalẹ́. Mo rí i tí Ìbùkún yà fún un. Mo rí mọ́tò pupa kan tó yọ láti kọ́nà. Ó tẹ bíréèkì, mọ́tò kò dúró, ó ń yọ̀ bọ̀ bí ọṣẹ lórí omi. Nígbà tí mọ́tò náà dúró, àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti báàgì ẹ̀yìn ọmọ mi kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

N kò rántí bí mo ṣe dé ibẹ̀. Bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wa mọ́tò náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń sunkún. Ìbùkún wò ó, ó wo èmi náà.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?"

Ìbéèrè yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ọmọ tó ń rìn lọ sí ilé-ìwé ló ń bèèrè bóyá òun ṣẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo pe ìyá mi sórí fóònù. Ìyé ni a ń pè é. Ó jókòó níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn ní Òde-Ayé, èéfín ń gba ojú fóònù kọjá, mo sì ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní in lọ́kàn láti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó bi mí pé ta ló kú. Mo bá sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń fi òun ṣeré ni. Ó ní ṣé ìlú òyìnbó tí wọ́n ti ń rán ènìyàn lọ sí òṣùpá náà ni kò ní ibi tí ọmọdé yóò fi ẹsẹ̀ sí. Ó yíjú sí àwọn obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbọ́, ó ní Òde-Ayé ti ń yá òyìnbó ní etí títì báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá rẹ ì bá ti gé ewé," ó ní.

Oko bàbá mi wà létí títì Òkìtìpupa, níbi kọ́nà kan tó burú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, takisí elérò kan bàjẹ́ sí kọ́nà náà, dírẹ́bà rẹ̀ kò fi ewé sẹ́yìn. Ọkọ̀ akógẹdú kan yọ, kò sì rí i. Àbúrò bàbá mi wà nínú takisí yẹn. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ yòówù tó bá kọṣẹ́ nítòsí oko wa, bàbá mi kì í bi dírẹ́bà léèrè ohun tó ṣe é. Àdá ni yóò fà yọ. Á gé ẹ̀ka igi mẹ́ta tí ewé wọn ṣì tútù, á bẹ̀rẹ̀ sí ka ìgbésẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ náà, èmi náà á máa tẹ̀ lé e, màá máa kà á sókè. Ogún, á fi ọ̀kan lélẹ̀. Ogójì, á fi ìkejì. Ọgọ́ta, á fi ìkẹta. Ó ní ewé tó wà ní ọgọ́ta ń sọ fún awakọ̀ pé kó jí. Èyí tó wà ní ogójì ń sọ pé kó rọra. Èyí tó wà ní ogún ń sọ pé ènìyàn wà níwájú. Kò sí dírẹ́bà kan nílẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ ọ̀mùtí, tí kò mọ ohun tí ewé lójú títì ń wí.

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo wo ìta. Kérésìmesì ti parí, àwọn ará àdúgbò sì ti gbé igi Kérésìmesì wọn síta kí ọkọ̀ ìdọ̀tí wá kó wọn. Igi tútù ni, ewé wọn kò tíì rọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gé e sílẹ̀ dè mí.

Mo wọ́ mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí mọ́tò akẹ́rù dúdú náà, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ́ mi: ogún, ogójì, ọgọ́ta. Mo tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, ibi tí mọ́tò lè yà fún wọn. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo dúró lójú fèrèsé. Mọ́tò àkọ́kọ́ yọ ní kọ́nà, ó rí igi, ó rọra. Èkejì rọra. Mọ́tò méje ni mo kà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ọ̀kan tó sáré. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá aṣọ ibùsùn, n kò ka ìgbésẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkàn mi balẹ̀ láti oṣù kọkànlá nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ọkùnrin kan ni, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn, orúkọ ìlú wà lára rẹ̀. Mo ti rí i láti fèrèsé tó ń ya fọ́tò àwọn igi náà. Kó tó la ẹnu, mo ti sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ìwé ìrìnnà mi wá, ìwé tó ní kí n máa ṣiṣẹ́, ìwé orúkọ Ìbùkún ní ilé-ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì Àǹtí Bọ́lá. Mo rò pé wọ́n ti ní kí a máa padà lọ nìyẹn. Mo tún ro ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé wọ́n á sọ pé ìyá tó ń kó igi sójú títì kò yẹ lẹ́ni tó ń tọ́ ọmọ.

Ọkùnrin náà wo àwọn ìwé náà, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó bi mí bóyá èmi ni mo gbé igi sójú títì. Mo ní èmi ni. Ó béèrè ìdí. Mo sọ fún un: mọ́tò pupa, báàgì ọmọ mi, bàbá mi, ogún, ogójì, ọgọ́ta. Ó gbọ́ ọ tán láìjá mi lẹ́nu. Ó ní ní ìlú yìí, kò sí ẹni tó mọ ohun tí igi lójú títì túmọ̀ sí, ohun ìdíwọ́ lásán ni wọ́n ń rí. Àwọn kan ti pè láti fẹjọ́ sùn. Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó ní òun kò ní bu owó ìtanràn lé mi lórí tórí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ó kó igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Kó tó lọ ló yíjú padà pé ṣé n kò mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ṣe ìpinnu lórí òpópónà wa ni. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá kí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì fòfin de mọ́tò tó ń sùn sójú títì lásìkò yìnyín. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo onílé. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní òpópónà náà lè wá sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ayálégbé.

Ọ̀rọ̀ wa ti jí Àǹtí Bọ́lá, tó máa ń sùn lọ́sàn-án nítorí iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ ìparí rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, kò pariwo. Ohùn tíṣà ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìbùkún, bí ẹni tí kò mọ ewé bá sáré gun igi yẹn, tó takìtì, tó kú, kí ni o máa sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀?"

N kò tíì ro ìyẹn rí. Mo ti ro gbogbo ikú tó lè pa ọmọ mi, n kò ro èyí tí èmi lè fà. Mo jókòó sílẹ̀. Ọwọ́ mi tutù ju ìgbà tí mo wọ́ àwọn igi náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ibi tí ènìyàn ti lè fi ohun kan lélẹ̀ lójú ọ̀nà, kí àwọn tí kò mọ ẹni náà rí sì mọ ohun tí nǹkan náà ń wí, ibẹ̀ ni ilé. Bí mo tilẹ̀ ń san owó ilé, bí mo tilẹ̀ mọ orúkọ gbogbo bọ́ọ̀sì, n kò tíì délé níbí.

Mo bi Àǹtí Bọ́lá bóyá ó rí ìwé tí ọkùnrin náà sọ. Ó nawọ́ sí fìríìjì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Àǹtí Bọ́lá ti kọ èsì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń yanjú ìṣirò. Ilé rẹ̀ kò ní ibi tí mọ́tò lè sùn sí nínú ọgbà, ojú títì ni mọ́tò rẹ̀ ń sùn. Bí wọ́n bá fòfin dè é, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò máa gbé e sí, á sì máa fi orúnkún yẹn rìn bọ̀ wálé lẹ́yìn iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, onílé ni yóò máa kó yìnyín kúrò níwájú ilé rẹ̀, bí kò bá kó o, ìtanràn. Ó ní òun fẹ́ràn Ìbùkún bí ọmọ òun, ṣùgbọ́n òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Gbogbo rẹ̀ ló péye.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà kí ìpàdé náà tó dé. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, tí mo sì ya á. Bí mo bá sọ ọ́, mo máa lòdì sí obìnrin tí a ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo máa tún padà sínú yàrá aṣọ ibùsùn lọ máa kà. N kò sọ fún Àǹtí Bọ́lá pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kí a jọ lọ gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí, ó sì gbé wa lọ nínú mọ́tò rẹ̀.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án jókòó síwájú lẹ́yìn tábìlì gígùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún olúkúlùkù. Ọkùnrin tó ni mọ́tò akẹ́rù dúdú ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní bàbá òun ló kọ́ ilé tó wà ní kọ́nà, ojú títì náà ni bàbá òun ń gbé mọ́tò sí, kò sì sí ọmọ kan tó tíì farapa níbẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo gbọ́ bí Àǹtí Bọ́lá ṣe yíjú sí mi. Ìwé kejìlá tí mo kọ ló wà lọ́wọ́ mi, mo ká a pọ̀. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ lórí. Mo ní igba ìgbésẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá ni. Mo ní mọ́tò mọ́kànlá ló sùn sójú títì mọ́jú òní, mo kà wọ́n kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bọ́ sí àárín títì láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí ọkùnrin oní-mọ́tò dúdú. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ọkùnrin gìrìwò ni.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà," mo ní. "Kò sí ọmọ tó tíì farapa níbẹ̀. Mo wá kó lè máa jẹ́ òótọ́ ni."

Mo jókòó. N kò gbọ́ bóyá wọ́n pàtẹ́wọ́ tàbí wọn kò pa á.

Àǹtí Bọ́lá ló kàn. Ó fi ọwọ́ ti àga kó tó lè dìde. Ó sọ gbogbo ohun tó sọ fún mi nílé, kò yọ ọ̀kan kúrò: orúnkún, ìtanràn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun kò fara mọ́ ọn. Ó ti ń jókòó kó tó tún gbé orí sókè. Ó ní ìṣirò obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán yẹn péye, kí wọ́n má ṣe àníyàn lórí rẹ̀, òun lòun kọ́ ọ. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn márùn-ún nawọ́ sókè, àwọn mẹ́rin kò nawọ́. Wọ́n á ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiwa bí yìnyín ilẹ̀ bá ti yọ́. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ sùn sójú títì.

Mọ́tò kan náà tó gbé wa lọ ló gbé wa bọ̀. Àǹtí Bọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O ò sọ fún mi pé o máa dìde."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, ma."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́, o sì dìde." Ó rọra yà ní kọ́nà. "Ta ló máa kó yìnyín náà?"

"Èmi ni, ma. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

"Igba ó lé mẹ́rìnlá. Ṣé o kà á dáadáa?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, ma."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i pé ó ti yọ ìwé náà kúrò lára fìríìjì, ó sì ti gbé ṣọ́bìrì ìkóyìnyín kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa.

Wọ́n ṣe ọ̀nà náà ní ìgbà ẹ̀rùn. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé wa, irínwó ìgbésẹ̀ ó lé ọgọ́ta ni, ìyẹn náà ni mo ti kà. Bí Àǹtí Bọ́lá bá ti ibi iṣẹ́ dé lóru, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí wa, èyí tó le àti èyí tó ń wọ́. Mo ti ní kó jẹ́ kí n máa lọ pàdé rẹ̀. Ó ní kí n sùn, pé mo ní bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Nílé wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gbálẹ̀ iwájú ilé, á gbá a dé iwájú aládùúgbò láìbèèrè. Níbí, yìnyín pàápàá ní olúwa rẹ̀. Mo máa ń kó tiwa, mo tún máa ń kó o kọjá ilé méjì. Ó lè jẹ́ pé ohun tí mo ń gbìyànjú láti san nìyẹn. Mo mọ̀ pé orí orúnkún ẹlòmíràn ni ọmọ mi ń rìn lọ sí ilé-ìwé.

Ọjọ́rú ni yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lọ́dún yìí. Mo ti kó o tán kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Àǹtí Bọ́lá ṣí fèrèsé, ó ní mo fi ibì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi iwájú ilé. Mo padà lọ kó o. Nígbà tí agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, Ìbùkún jáde. Kò sí mọ́tò kan lójú títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn lókèèrè, mo rò pé kò mọ̀. Kó tó dé kọ́nà, ó dúró, ó yíjú padà.

"Mọ́mì, ẹ máa lọ sílé. Mo ti mọ̀ ọ́n."

Mo ní kò burú. Ó yà ní kọ́nà, n kò rí i mọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, kò tíì dún. Mo wo ilẹ̀ tó wà láàárín ibi tí mo wà àti ibi tó dúró sí, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ṣì hàn níbẹ̀. Mo fojú kà á. Ogún ìgbésẹ̀ ni, ibi tí bàbá mi ń fi ewé àkọ́kọ́ sí. Mọ́tò kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo dúró síbi tí mo wà, awakọ̀ rẹ̀ rí mi, ó sì rọra.